Ìbéèrè Tí Kò Sí Mọ́

Ojú ìwé mẹ́fà ni Ìyàwó fi dáhùn ìbéèrè tí kò sí mọ́. Ìyá Kọ̀ǹpútà ti rí i kí ó tó ka ìlà kẹta tán, ó sì dákẹ́. Ó kó àwọn ìwé náà jọ, ó gbá etí wọn mọ́ orí tábìlì kí wọ́n lè dọ́gba, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ó dáa. Jókòó síbẹ̀ yẹn."

"Ẹ ṣé, ìyálé mi. Ṣé á ṣeé ṣe kó tó di aago mẹ́rin? Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ti pọ́tà."

"Èmi lo wá ń sọ ìgbà tí wọ́n ń ti pọ́tà fún?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má bínú. Ibi iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ tààrà. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri láàárín ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti fèrèsé, kò sì pẹ́ tí orí rẹ̀ fi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oorun ti gbé e lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ o. Ọkọ kan kọ́ ló fẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ Ìyá Kọ̀ǹpútà, àbúrò ló fẹ́ Ìyàwó, inú ilé bàbá ọkọ wọn ni wọ́n jọ ń gbé, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Kọ̀ǹpútà fi ṣáájú wọlé, ìdí nìyẹn tí Ìyàwó fi ń pè é ní ìyálé, tí ó sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Wọn kò bá ara wọn du ọkọ, wọn kò bá ara wọn du yàrá. Owú tí kò rí ọkọ jà lé lórí, orí ìwé ló wá bọ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń ja ìjà náà. Ẹnì kejì kò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀.

Iwájú géètì ibùdó ẹ̀kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kọ̀ǹpútà wà. Yunifásítì tó ni ibùdó náà kì í pe akẹ́kọ̀ọ́ wá sí kíláàsì. Inú ilé ni kálukú ti ń ka ìwé tirẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo wọn ń pè ní pọ́tà, ni wọ́n ti ń rí ìbéèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí. Ọgbọ̀n máàkì ni ti iṣẹ́ àṣetiléwá, àádọ́rin ni ti ìdánwò. Ibi tí ó le sí nìyí: iṣẹ́ mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní, ẹni tí kò bá sì fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́, pọ́tà kò ní fún un ní ìwé ìwọlé ìdánwò. Ẹni tó gba òdo nínú ọ̀kan, bí ẹni tí kò fi ránṣẹ́ rárá ni. Bí o bá sì ti tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́, ó parí nìyẹn, ẹyin tó já bọ́ ni.

Ọdún mẹ́fà ni Ìyá Kọ̀ǹpútà ti ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń mú ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ wá, àwọn kan kàn ń mú ojú wọn wá. Kò sí kọ́ọ̀sì tí kò tíì gba ìka rẹ̀ kọjá. Ó mọ ìbéèrè tó ń dé lọ́dọọdún àti èyí tó ń fi ọdún kan sinmi, ó mọ olùkọ́ tó fẹ́ràn kí ìdáhùn gùn àti èyí tí kì í ka kọjá ojú ìwé kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni àwọn oníbàárà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún un, òun náà a sì máa bínú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kò gba fọ́ọ̀mù rí. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn kankan.

Báwo ni Ìyàwó ṣe wá ṣi ìbéèrè dáhùn? Ìtara ló kó bá a. Ní ọjọ́ Ajé tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí ẹni tó ronú kan iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí Ìyàwó ti wọ ṣọ́ọ̀bù wá, tó ní kí wọ́n bá òun tẹ ìbéèrè jáde kíá kí òun lè máa gbé e dání lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Yunifásítì kò tíì yí nǹkan padà nígbà náà, ìbéèrè ọdún tó kọjá ló ṣì wà lójú pọ́tà. Ọjọ́rú ni wọ́n tó gbé tuntun síbẹ̀, láìpariwo, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló máa rò pé ẹni tó tètè dé ni wọ́n máa fi ìyà rẹ̀ jẹ?

Lọ́jọ́rú yẹn, ènìyàn mọ́kàndínlógún ni Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ ìbéèrè tuntun fún. Ó rántí Ìyàwó. Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn pé ó gbàgbé. Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti kan fóònù.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbájáde iṣẹ́ sáà tó kọjá dé, tí Ìyàwó sì gba méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Ìyá ọkọ wọn sọ ọ́ fún aládùúgbò, wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó wá ka iná, wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ṣi ilé wọ̀. "Akadá ilé wa," bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. "Wọ́ọ̀dù ló ń sùn mọ́jú, ó tún gba méjìdínlọ́gbọ̀n!" Nígbà tí wọ́n wá rí Ìyá Kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rántí pé òun náà yẹ ní kíkí, wọ́n ní, "Ìwọ náà kú iṣẹ́ o. Ìwọ lo ń bá a tẹ̀ ẹ́."

Tẹ̀ ẹ́! Bí ẹni pé ìka lásán ni òun, tí kò sí orí lókè rẹ̀. Ta ló ń tú gbólóhùn Ìyàwó tó bá lọ́ mọ́ra wọn? Ta ló ń fi kọ́mà sí i, tó ń pín in sí ìpínrọ̀, tó ń yọ "àti, àti" inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta? Lójú Ìyá Kọ̀ǹpútà, méjìdínlọ́gbọ̀n ọ̀hún, ó kéré tán, ìdajì rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí i, nítorí ara rẹ̀ kún dáadáa, ó sì ń jowú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí fóònù. Ó ní bí Ìyàwó bá jẹ́ akadá lóòótọ́, kó lọ wo pọ́tà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ méjìlélógún nìyẹn. Òní ni ọjọ́ tí wọ́n máa tì í.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Kò tún ohunkóhun ṣe. Bí Ìyàwó ṣe kọ ọ́ ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àṣìṣe inú rẹ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Omi àti àrùn ni ìbéèrè ọdún tó kọjá dá lé, ìdáhùn náà sì dára, ibẹ̀ tilẹ̀ ni ó burú sí. Kọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn nìyí. Bí Ìyàwó bá yege, ilé ìwòsàn yóò sọ ọ́ di alábòójútó ìlera àdúgbò, yóò bọ́ lọ́wọ́ gbígbé igbá ìtọ̀ àti iṣẹ́ òru. Bí kò bá rí ìdánwò ṣe, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe kọ́ọ̀sì náà, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sí ipò ọ̀hún. Gbogbo èyí ni Ìyá Kọ̀ǹpútà mọ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Awakọ̀ takisí kan wọlé wá, ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní ọdún kẹta. Ó fẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì kò dá a lójú. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àjàkálẹ̀ àrùn àti àrùn tó máa ń wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ìyá Kọ̀ǹpútà kò gbé ojú kúrò lára iṣẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi àpẹẹrẹ méjì kún un, ó sì sọ ojú ìwé tí yóò ti rí i.

Awakọ̀ mi orí. "Ẹ̀yin gan-an, kí ló dé tí ẹ ò ṣe é?"

Ìdáhùn mẹ́ta ló ní fún ìbéèrè yẹn, ó sì máa ń lò wọ́n yíká: àwọn ọmọ ṣì kéré, kò sẹ́ni tó máa dúró ti ṣọ́ọ̀bù, ojú òun kì í gba ìwé kíkà púpọ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù ló kàn lónìí. Awakọ̀ ní òótọ́ ni, ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Inú Ìyá Kọ̀ǹpútà kò dùn sí òwe náà. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ fún un, ó sì jẹ́ kó máa lọ.

Aago méjì ku díẹ̀ ló tẹ ti Ìyàwó tán. Ó wọ pọ́tà, ó fi fáìlì náà síbi tó yẹ kó wà. Ó kù kó tẹ bọ́tìnì.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe é. Ohun tó ń rò ni pé òdo náà yóò dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò tó dé, orí fóònù ni Ìyàwó yóò ti rí i, bóyá nínú wọ́ọ̀dù, bóyá nínú bọ́ọ̀sì. Òun kò ní sí níbẹ̀. Òun kò ní rí ojú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo méjìdínlọ́gbọ̀n wọ̀nyẹn, ṣé kò tọ́ sí òun kí òun fi ojú ara òun rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu akadá gbẹ?

"Ìyàwó. Ìyàwó, dìde."

Ìyàwó dìde gìrì, ó ń nu ẹnu. "Ṣé ó ti lọ?"

"Kò lọ. Ìbéèrè tí o dáhùn yìí, ti ọdún tó kọjá ni. Wọ́n ti yí i padà."

Ó wo ojú náà bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Ojú náà kò ṣe nǹkan kan. Ìyàwó kàn dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè nínú wọ́ọ̀dù tó ń gbìyànjú láti mọ ibùsùn tí ìró ti wá. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí tuntun."

Ìyá Kọ̀ǹpútà fa ọ̀kan yọ nínú àwọn tó ṣẹ́kù nínú àpótí bébà. Ó ti fún un tán kí ó tó rántí pé ẹ̀rọ náà a máa tẹ ọjọ́ tí ìwé jáde sí igun rẹ̀. Ìyàwó ka ìbéèrè náà. Lẹ́yìn tó kà á tán, ojú rẹ̀ lọ sókè sí igun ìwé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Ó tún àwọn bébà tò. Ó gbé bíírò kan, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìyàwó wo aago ara ògiri. "Mi ò lè kọ ọ́ kó tó di aago mẹ́rin."

"Máa sọ ọ́. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́."

Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó ní ìyálé rere ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé láìsí ìwé lọ́wọ́, Ìyàwó yóò sọ gbólóhùn méjì, yóò sì dúró. Nígbà náà ni òun yóò bá a parí rẹ̀ láti inú orí òun. Iṣẹ́ náà yóò lọ, Ìyàwó yóò ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n láti òní lọ, àwọn méjèèjì yóò mọ ẹni tó ń gba máàkì ilé yìí. Ó fẹ́ràn èyí ju òdo lọ.

Ìbéèrè náà kúrú. *Kí ló ń mú kí àwọn aláìsàn pa oògùn wọn tì kí wọ́n tó lò ó tán? Fi ohun tí o fi ojú ara rẹ rí gbe ìdáhùn rẹ lẹ́sẹ̀.* Ìyá Kọ̀ǹpútà ti bá àwọn ènìyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, gbogbo wọn ló sì sọ ohun kan náà: àìmọ̀kan, àìlówó, ọ̀nà jíjìn. Kí Ìyàwó tó la ẹnu, ìka rẹ̀ ti tẹ "Àìmọ̀kan ni ó ṣáájú" sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ìyàwó tẹ̀ síwájú, ó kà á. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Kì í ṣe àìmọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́. Ìyàwó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tòsí, ó di ọwọ́ mọ́ orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń fi iṣẹ́ wọ́ọ̀dù lé ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́.

"Bàbá káfíńtà kan wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn wá. Oògùn oṣù kan ni wọ́n ń fún wọn nígbà gbogbo, wọ́n sì ń padà wá gbà á lásìkò, wọn kì í pẹ́. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn kò walẹ̀. Dókítà fi kún oògùn náà, kò walẹ̀. Ní oṣù kẹta, dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì wọn pé aláìgbọràn ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn dúró sí wọ́ọ̀dù, èmi ni mo tún àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ṣe. Mo rí oògùn nínú bébà. Wọ́n ti la gbogbo rẹ̀ sí méjì méjì. Ó dọ́gba, ìyálé mi. Ẹ ò lè fi ẹnu sọ bó ṣe dọ́gba tó. Ayùn kékeré ni wọ́n fi là á."

Ìka Ìyá Kọ̀ǹpútà ń sáré. "Kí ni wọ́n là á fún?"

"Ìyàwó wọn náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò bá sì wá fúnra rẹ̀, a kì í fún un ní káàdì. Bàbá ní láti ogójì ọdún ni àwọn ti jọ ń pín nǹkan, ṣé orí oògùn ni àwọn á wá ti ya ahun?" Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ báyìí: Ẹnì kan ni a ń kọ oògùn fún, ṣùgbọ́n ilé kan ló ń lò ó. Ẹni tí a ní ó pa oògùn tì, ó lè jẹ́ pé ṣe ló pín in. Orí keje ìwé wa ní kí a kọ́ aláìsàn lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ọ, ó yẹ kí a mọ iye ènìyàn tó wà nínú aláìsàn náà."

Ìyá Kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo gbólóhùn tó kẹ́yìn náà. Ó ń wá ibi tí òun yóò fi ọwọ́ bọ̀, bóyá kọ́mà kan, bóyá ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó ṣí sẹ́yìn. Kò rí ibì kankan.

"Ṣé mo ń yára jù ni?" ni Ìyàwó béèrè.

"Rárá. Máa sọ ọ́."

Ó sì ń sọ ọ́. Ó sọ ti ọmọge kan tó pa oògùn tì nítorí pé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ àwọ̀ páálí rẹ̀. Ó sọ ti ìyá kan tó rò pé àìsàn òun ti san tán, nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ó mú orí kẹta ìwé bá orí keje jà, ó sì là wọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá ti dárúkọ ènìyàn kan, ṣe ni ìyẹn wọ ṣọ́ọ̀bù wá tó jókòó. Ìyá Kọ̀ǹpútà mọ ìwé náà lórí. Ó lè ka orí keje láìwò ó. Kò ronú rí pé ènìyàn lè bá ìwé náà sọ̀rọ̀ kí ó sì jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni owú tòótọ́ ti wá dé. Èyí tó ti ń jẹ látẹ̀yìnwá ní àwáwí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun ló ń mú iṣẹ́ Ìyàwó dùn. Èyí kò ní àwáwí kankan. Ohun tó wà lẹ́nu Ìyàwó jẹ́ ti Ìyàwó, ó ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun, yóò sì wà níbẹ̀ bí òun bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́la. Ó dùn ún débi pé omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ń ríran, ó sì ń tẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n parí. Ìyá Kọ̀ǹpútà ka gbogbo rẹ̀ látòkè. Ìlà kan wà tí ì bá fẹ́ tún ṣe, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó yọ fáìlì ti àárọ̀ kúrò, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì. Kẹ̀kẹ́ kékeré yí lójú pọ́tà, ó yí, ó yí, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ìgbàwọlé jáde. Wọ́n jọ mí kanlẹ̀.

Ìyàwó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì. "Ẹ ṣé gan-an ni, ìyálé mi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣèèyàn."

"Dìde, dìde. Kí lo wá ń kúnlẹ̀ fún?"

Ìyàwó dìde. Ó ká ìbéèrè tuntun náà sí méjì, ó rọra fi ìka àtàǹpàkò ra igun tí ọjọ́ wà lára rẹ̀, ó sì fi í sínú àpò. Kò gbé ojú sókè. "Bó bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn, ẹ kàn pè mí."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó le láti gbọ́. Ìyá Kọ̀ǹpútà wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ pé òun lè sọ pé òun gbàgbé, pé èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú òun kò sì gbà á mọ́.

"Owú ni," ló sọ. "Owú rẹ ló ṣe mí. Mo ti rí i lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo fọwọ́ kan fóònù, mo sì mú ọwọ́ kúrò."

Ìyàwó pa ẹnu àpò rẹ̀ dé.

"Gbogbo wọn ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí mo bá lọ gba fọ́ọ̀mù, tí mo jókòó kọ tèmi, tí wọ́n wá fún mi ní méjìlá ńkọ́? Ojú wo ni mo máa fi ṣí ilẹ̀kùn yìí láàárọ̀ ọjọ́ kejì?" Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ọ̀rọ̀ ọmọ ló mọ̀.

"Mọ́kànlá lèmi gbà," ni Ìyàwó wí.

"Nígbà wo?"

"Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yin náà lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ò rántí ni?" Ó ti ń fi àpò kọ́ èjìká. "Mi ò lè sọ ọ́ nílé. Ṣe ni mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ nípa àwọn èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn díẹ̀, ìyálé mi, mo tún ní iṣẹ́ lálẹ́ yìí."

Ó lọ. Ìyá Kọ̀ǹpútà wá mọ́kànlá náà nínú orí, kò rí i. Òun tó lè ka gbogbo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti méjìdínlọ́gbọ̀n obìnrin yìí bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ! Ó wọ inú kọ̀ǹpútà lọ, ó ń wá a láti ìsàlẹ̀, láàárín iṣẹ́ àwọn ènìyàn tó ti yege tí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀. Ó rí i. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, ojú ìwé mẹ́ta.

Ó ṣí i, ó sì rántí nígbà tó rí ìlà àkọ́kọ́. Ìyàwó tuntun ni nígbà náà, ojú ń tì í, ìwé péńpé kan tí nǹkan kò pọ̀ lórí rẹ̀ ló mú wá. Ìyálé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní kó má ṣèyọnu, tó jókòó, tó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún un títí tó fi di odidi.

Ó kà á dópin láìkánjú. Àmì ìdánudúró wà níbi tó yẹ kó wà. Kò sí gbólóhùn kan tó lọ́. Gbogbo ohun tí ìwé sọ ló wà níbẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú rẹ̀. Láti ìlà kejì títí dé òpin, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ti Ìyá Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ lé àyà. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọ́n ti fún un ní mọ́kànlá. Kò pa á.